Bàdírátù àti Tíṣà Ìmọ̀ Ẹranko

Inú ti ń bí mi kí n tó rí Kọ́lájọ rárá. Ẹranko kan wọ ibi tí mo ti ń yan ẹja ní Molutehin, ó gbé ọ̀bọ̀kún méjì lọ.

"Ológbò burúkú!"

Ọkùnrin kan dúró lórí afárá pákó. "Ẹ má bínú, ẹtà ni, kì í ṣe ológbò. Ìbátan ni wọ́n ṣá."

"Ṣé ìbátan ló máa dá ẹja mi padà?"

Kọ́lájọ nìyẹn, tíṣà tuntun, ọmọ Ìsẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní ìkoríkò, haínà tó jọ ajá yẹn, ìdílé ológbò ló súnmọ́. Ó ní egungun etí wọn, tó pín sí yàrá méjì bíi ti ológbò, ló tú àṣírí wọn. Ó ní baba ńlá wọn ti wà láyé láti bí ogójì mílíọ̀nù ọdún. Ó sú mi! Bí kò bá sì wá, ọ̀nà ni mò ń wò. Ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Àárín ọ̀rọ̀ ẹkùn ló wà lọ́jọ́ kan tó fi ní, "Bàdírátù, olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

Bàbá mi, Sùlèímánì, kọ̀. "Ọma mi, ará òkè ni. Bí ìbọn bá dún lódò, á sá fi ẹ́ sílẹ̀."

Ìbọn dún lóòótọ́, lọ́dún tí ìjà àwọn abúlé odò le. A sá wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Kọ́lájọ gbé àpótí wá: ìwé ọdún mẹ́fà tó fi ń to ìran ológbò. Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó aládùúgbò wa, Ìyá Ọmọ́yẹlé, ń ké sí wa létí omi.

"Ọkọ̀ ò gbà mọ́," ni Bàbá wí, bẹ́ẹ̀ àga ńlá rẹ̀ wà láàárín ọkọ̀.

Kọ́lájọ ju àpótí rẹ̀ sódò. Ó bọ́ sínú omi, ó gbé ìyá náà wọ ọkọ̀.

"Òmùgọ̀!" Mo ń sunkún. "Ṣé o ò rí àga Bàbá jù ni?"

"Àga Bàbá kì í ṣe tèmi."

Bàbá gbọ́. Ó sún kí Kọ́lájọ lè jókòó tì í, a sì wa ọkọ̀ títí dé Araromi.

Níbẹ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, àwọn méjèèjì jókòó ti ọ̀rọ̀ mi.

"Ṣé wàá mú un lọ Ìsẹ́yìn?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́, sà."

"Wàá kọ́ ọkọ̀ wíwà?"

"Màá kọ́ ọ, sà."

Oòrùn ti ga. Mo ju aṣọ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹnì kankan máa bi èmi?"

Wọ́n wò mí. Kọ́lájọ lanu láti bèèrè.

"Má bèèrè mọ́, mo ti gbà! Ẹ lọ pe Ààfáà, kí n ráyè fọ aṣọ mi."