Fàlílù Oníṣòwò Pupa-àti-Yẹ́lò

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wúkọ́, páànù ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣí ní Sàngó. Ọ̀kan ò tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìjù ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn."

Fàlílù ló ń sọ̀rọ̀, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì Bàbá Fúnkẹ́mi ní ọsibítù kan ní Ọ̀tà. Inú bọ́ọ̀sì ló ti ń ta oògùn, ẹnu rẹ̀ nìkan sì tó gbé bọ́ọ̀sì rìn láìsí epo.

"Kóró oògùn pupa-àti-yẹ́lò kan péré ni mo gbé mì. Kó tó kọjá ọ̀fun, àyà mi ti le bí irin. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé méjì mì, ká máa lọ. Ẹ ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín."

Òtútù àyà ló gbé Bàbá Fúnkẹ́mi dé ọsibítù. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sàngó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ayé Sáàpù nìyẹn, ètò ìjọba tó sọ owó di ọ̀wọ́n; ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń gbọn erùpẹ̀ lára aṣọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ara rẹ̀ gbóná débi pé èèyàn lè yan àgbàdo lé e lórí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ti ń ṣiṣẹ́; ó ti ń jẹun, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Fúnkẹ́mi, gbé bàtà mi wá," ni bàbá wí.

Fúnkẹ́mi wo bàtà náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé ìwé tirẹ̀ náà lè dúró. Ṣùgbọ́n dókítà ti ní abẹ́rẹ́ kò tíì pé. Ló bá jókòó lé bàtà náà.

"Mi ò ní dìde, bàbá mi. Pupa-àti-yẹ́lò yìí náà lẹ ń gbé mì lọ́kọ̀ọ̀kan nílé títí tẹ́ ẹ ò fi lè mí mọ́."

"Èmi lò ń jókòó lé bàtà mọ́ lọ́wọ́?"

"Ẹ máa bínú, bàbá. Kẹ́ ẹ ṣáà wà láàyè, kẹ́ ẹ máa bínú."

Fàlílù bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ti di kọmíṣọ́nà ìlera."

Bí Dókítà Ọláníkẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé abẹ́rẹ́ dání, torí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọ bàálù lọ wá iṣẹ́ sí Sáúdí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Bàbá, ọmọ yín ló gba yín là. Ara yín fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn náà ṣì wà nínú àyà. Ó ti rẹ kòkòrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Tẹ́ ẹ bá dá abẹ́rẹ́ dúró, yóò jí, ó sì lè má gbọ́ ti oògùn kankan mọ́. Èyí tí dókítà bá kọ fún wa ni ká lò, ká sì lò ó tán."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ títí. Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀, ó sì padà dùbúlẹ̀.

"Ẹ gún mi, Dókítà. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Ṣé gbogbo yín rí ẹni tí mo bí?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́ débi pé ẹ̀fọn ò ríbi bà sí.

Dókítà wá yíjú sí ọlọ́jà. "Fàlílù, ṣé ìwọ kọ́ lo sùn sí bẹ́ẹ̀dì ìdí fèrèsé yẹn lóṣù tó kọjá? Òtútù àyà náà ni. O dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ pé kí n má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kankan yẹ̀."

"Bùọ̀dá Fàlílù," ni Fúnkẹ́mi wí, "pupa-àti-yẹ́lò yín ńkọ́ nígbà yẹn?"

"Gbé ọ̀kan mì báyìí," ni dókítà wí, "ká jọ wò ó."

Fàlílù wo oògùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Ó ní bọ́ọ̀sì ń pe òun. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ìdí bàbá, ó ti gba ojú fèrèsé jáde, ó ti kọjá Àtàn-Ọ̀tà, eruku rẹ̀ ṣì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.