Mo Ń Gba Ilé Ìdáná Màmá Jáde

Orí òpó ni Ognjen wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, tó ń tún wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa ní Zrenjanin, ní Serbia, ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ ata Màmá mi mọ́lẹ̀. Mo bú u bí ẹni láyin. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Mo jẹ̀bi, arẹwà. Ṣé kí n wá bomi rin ìyókù lọ́la?" Ọkàn mi yọ́.

Màmá ò fẹ́ ẹ rárá. "Ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀. Slavica, ṣé o mọ ohun tí ìyàwó yẹn rí kó tó sá?"

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ gba orí odò Danube lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo sì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣílẹ̀kùn ìkànnì rẹ̀ fẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn odi Serbia. Nítorí ẹ̀kọ́ mi, Màmá gbà kí Ognjen gbé ẹ̀rọ kékeré kan sílé ìdáná rẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà nínú ọkọ̀, inú ẹ̀rọ yẹn ló ń gbà jáde, bíi pé ìdí tábìlì Màmá ni mo jókòó sí. Orí ọmọkùnrin yẹn pé, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá, ó ku wákàtí kan, ilé ẹ̀kọ́ tì mí síta. Bí n ò bá ṣe é lọ́jọ́ náà, ọdún mẹ́ta ti wọmi nìyẹn. Mo pe Màmá.

"Ààrá ń sán," ó ní. "Mo ti yọ gbogbo nǹkan lára iná. Ṣé kílé jó ni?"

Mo pe Ognjen. Iṣẹ́ òru ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. "Fọkàn balẹ̀, ayọ̀ mi," ó ní, ó sì sáré lọ sílé Màmá. Mo ń gbọ́ wọn lórí fóònù.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé tèmi."

"Kí ọmọ mi máa gba ilé ọkùnrin tí kò tíì gbé e níyàwó jáde? Láéláé."

Kò bá a jiyàn. Ó jáde sínú òjò yìnyín, ó tú bátìrì mọ́tò rẹ̀ wọlé, ó so ẹ̀rọ náà àti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mọ́ ọn. "Kò kan iná ilé yín mọ́, Màmá. Mo máa jókòó tì í."

Ilẹ̀kùn ṣí fún mi. Odindi wákàtí mẹ́ta, íńtánẹ́ẹ̀tì kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí mo ṣe parí, mo pe Ognjen ká lè jọ yọ̀. Màmá ló gbé fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Má pariwo. Ó ti sùn lórí àga. Aṣọ rẹ̀ tutù, mo ti gbé kóòtù bàbá rẹ bò ó."

Látìgbà tí bàbá mi ti kú, Màmá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan kóòtù yẹn. Mo bú sẹ́kún.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá ní, "Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé? Ká lè lọ rí àlùfáà tó máa so yín pọ̀."