Òpó Ọ̀kà Kò Fì

Gìrìpá ọkùnrin ni Mọ́júbọ́lá kọ́kọ́ rí lórí àpáta Ọ̀kà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Sìmẹ́ńtì bò ó dé ìpéǹpéjú, ó ń fọwọ́ ra òpó kọnkéré bí ìyá tó ń wẹ̀ fọ́mọ.

"Àǹtí, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o! Kò tíì gbẹ!"

"Èmi ni ìnjiníà tó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kò burú. Ìnjiníà náà ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀."

Ẹ̀rín pa á. Ọlálérè ni bíríkìlà náà, ọmọ Ìkàrẹ́. Orí òpó yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ lé. Kí awò tó dé, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára, ó ti wọ̀ wọ́n léegun.

Mọ́júbọ́lá de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ awò. Bí awò bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má ju fífẹ̀ irun orí lọ, ẹ̀rọ á sọ fún un lórí fóònù ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, awò á fì síhà ìlà-oòrùn. Tílẹ̀ bá fi mọ́, á ti padà sípò.

Inú bí Bàbá Akínlọ́lá, bàbá Mọ́júbọ́lá, alága ìgbìmọ̀ tó sáré títí awò fi dé Ọ̀kà.

"Bíríkìlà tí òpó ẹ̀ ń fì! Mi ò fọ́mọ fún un."

"Bàbá mi, òpó tó bá fì kì í padà."

"Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ."

Ọlálérè gbọ́, ó wá bá Mọ́júbọ́lá. "Olówó orí mi lọ́la, tó bá jẹ́ èmi ni mo bà á jẹ́, má gbèjà mi."

"Ta ló ń jẹ́ olówó orí? Ọkọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyàwó!" Mọ́júbọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni màá sọ. Àmọ́ mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì gun orí àpáta. Wọ́n bá Bàbá Akínlọ́lá àtàwọn àgbà ìlú nídìí òpó, níbi tí òjìji bọ́ sí, wọ́n jókòó tìdí-tìdí sórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fọ́nnu fún àlejò: "Ìlú wo ló tún ní irú ẹ̀?"

Mọ́júbọ́lá yọ fóònù rẹ̀, ó wò ó. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Wọ́n dìde. Nọ́ńbà orí fóònù padà sí òdo.

"Ẹ jókòó."

Awò fì.

Bàbá Akínlọ́lá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Háà! Àwa la wúwo! Ọmọ Ìkàrẹ́, òpó ẹ ń gbé gbogbo àgbà Ọ̀kà, ó tún ń padà sípò. Ta ni kí n tún fọ́mọ fún? Lọ kó àwọn èèyàn ẹ wá."

Ọlálérè dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta. Orí Mọ́júbọ́lá wú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn méjèèjì wọ aṣọ ìgbéyàwó gun àpáta. Ọlálérè fa Mọ́júbọ́lá jókòó sídìí òpó.

"Àǹtí, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o," Mọ́júbọ́lá sín in jẹ.

"Ó ti gbẹ."

Fóònù dún nínú báàgì. Mọ́júbọ́lá ò yọ ọ́. Ó mọ ẹni tó wúwo.