Èyí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Bàbá náà wọlé láìjẹ́ pé ilẹ̀kùn dún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi máa ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn. Ọ̀sán gangan ni. Ara mi wúwo débi pé mi ò lè dìde, mo kàn tẹrí ba díẹ̀ lórí ìjókòó, mo ní, "Ẹ káàsán, bàbá."

Giramafóònù àtijọ́ kan wà níwájú mi. Ẹnì kan fẹ́ rà á, àmọ́ ó ní àfi tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tú u, tí mò ń wá èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá náà ò fọwọ́ kàn án. Ó kàn dẹtí sí i.

"Ìwo tí ohùn ń gbà jáde yìí, tirẹ̀ ni. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání yìí, tirẹ̀ kọ́. Ara òmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́."

Mo dojú apá náà dé. Òótọ́ ni: ihò ìdè rẹ̀ ò bá ti àpótí mu, wọ́n ti fi irin ha á kó lè wọlé.

"Sípíríǹgì inú rẹ̀ ńkọ́, bàbá?"

"Tirẹ̀ ni. Ó kàn ti gbó ni."

Ó sún mọ́ mi. Òtútù ń jáde lára rẹ̀, bíi ti yàrá tó ti wà ní títì tipẹ́. Ó wá dẹtí sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Èyí náà, tìẹ kọ́," ló wí jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ mi lọ síbi àpá iṣẹ́ abẹ lábẹ́ aṣọ mi. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Nígbà tí tèmi daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú tòun fún mi.

"Ta ló sọ fún yín?"

Mo gbójú sókè. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Mo gbé fóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ìlú tó ń gbé jìnnà. Téèyàn bá wọkọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó débẹ̀. Ara òun náà ò yá látìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan tó kù fún un ti ń dá a láàmú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Àbúrò mi." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Bàbá kan ló jókòó tì mí níbí. Ó ní òun ti rí èyí tó jẹ́ tèmi. Ó ń bi mí bóyá kóun lọ gbà á wá."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ sọ?"

"Má bínú, àbúrò mi," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti rẹ̀ mí gan-an."