Bíréèkì Tó Wọ Omi ní Òkè Ẹfọ̀n

Kí oòrùn tó yọ, Bọ́láwálé ti fọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí àwa awakọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí ọkọ̀ bá ti ń dán, a gbà pé ara rẹ̀ yá.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, omi òjò bo títì lọ́nà Ìkọ̀gọ̀sí, ó ga dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bọ́láwálé wà á kọjá. Láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ gbé ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Lydia, láti Ẹfọ̀n lọ sí Àrámọkọ fún àyẹ̀wò ojú. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Àrẹ̀mú mẹkáníìkì, níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra gòkè, ọkùnrin náà nawọ́ dá wọn dúró.

"Mo rí ọ nínú omi lánàá. Ta ló bá ọ yẹ bíréèkì wò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ́ńjìnì ń dún dáadáa."

"Mi ò béèrè ẹ́ńjìnì. Bó o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí lo máa ṣe?"

Bọ́láwálé rẹ́rìn-ín. "Firíì ni mo máa fi gíà sí, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀, epo ò sì ní jó."

"Ohun tí àbúrò mi Akínwálé sọ nìyẹn. Òun náà ti inú omi bọ̀. Ó fi sí firíì, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò mú. Èmi ni mo gbé e jáde nínú kòtò. Ó ti kú."

Àrẹ̀mú ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ó fi igi kan lélẹ̀ níbi tó tẹ́jú. "Rọra wà á bọ̀, kó o tẹ bíréèkì níbí."

Bọ́láwálé tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gun igi náà kọjá, òkìtì iyanrìn ló dá a dúró. Nígbà tí wọ́n tú táyà, ẹrẹ̀ kún inú bíréèkì. Wọ́n wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ó ti funfun bí ẹ̀kọ mímu.

"Omi ti wọ ẹ́ńjìnì," ni Àrẹ̀mú wí. "Má ṣíná sí i mọ́."

Ẹ̀rù ba Bọ́láwálé gidigidi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Mú mi padà s'ulé. Ọsibítù ò ní sá lọ."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, bí omi bá bo títì, ẹ ṣẹ́rí padà. Bó bá ti bá yín nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń dán tàn yín. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú bíréèkì wò, kó yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti ti gíà wò. Bí ọ́ìlì bá ti funfun, ẹ má ṣíná rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ. Ẹ má sì fi ọkọ̀ sí firíì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láéláé. Epo díẹ̀ ni Akínwálé fẹ́ ṣún lò lọ́jọ́ náà.