Omi Mímọ́ Tó Ba Ojú Aránṣọ Jẹ́

Orin ni aránṣọ ń kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà bó ṣe ń múra iṣẹ́. Gíláàsì ojú ti sú u. Bó bá ti tẹ̀ ba sórí máṣíìnì báyìí, á yọ̀ wá sórí imú. Ló bá kúkú ra lẹ́ǹsì, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ tán lọ́jọ́ náà. Ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó ṣan lẹ́ǹsì, ó fi sójú. Kí ló burú ńbẹ̀? Omi tó mọ́ gaara ni.

Kò pẹ́ tí ojú òsì fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Àpólò ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, ó ń ta mí bíi pé wọ́n da ata sí i!"

"Ojú tí kì í ta, bọ́tìnì nìyẹn. Kán oògùn sí i."

Wọ́n ra oògùn ojú lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ojú kàn ń burú sí i ni. Ìgbà tí funfun bo dúdú ojú ni wọ́n tó sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Dókítà náà yẹ ojú rẹ̀ wò títí. "Kí lẹ fi fọ lẹ́ǹsì yín?"

"Omi ẹ̀rọ ni."

Dókítà gbé bíírò sílẹ̀. "Omi kẹ̀?"

"Omi mímu ni, dókítà! Òun là ń mu nílé!"

"Ẹni tó mu ún, kì í sábà ṣe é ní nǹkan. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kòkòrò kan ń gbé inú omi, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí rí. Lẹ́ǹsì lè bó awọ ẹyinjú díẹ̀. Kòkòrò náà ní purotéènì kan lára tó dà bí ìkọ́ tí ẹ̀ ń rán mọ́ búláòsì. Ibi tó bó yẹn ló ti máa fi ìkọ́ náà kọ́ sára sẹ́ẹ̀lì ojú. Bí ẹ sunkún títí, omijé ò lè gbé e lọ. Tó bá ti dì mọ́ ọn tán, á wá tú purotéènì mìíràn jáde, èyí tó ń yọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe ń yọ́ ọ ló ń jẹ ẹ́."

"Ó ń jẹ ẹ́?" Ẹnu ìyá là sílẹ̀. "Ojú ọmọ mi? Yéè! Mo gbé!"

"Dókítà, ṣé màá tún fi ríran?" ni aránṣọ bi í.

Dókítà fa ìwé oògùn mọ́ra. "Ká ní ẹ tètè wá ni. A máa pa kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́."

Oògùn pa kòkòrò náà lóòótọ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ìrora. Ojú òsì ò rí ju òjìji lọ mọ́. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ti gún aránṣọ lọ́wọ́ láìmọye ìgbà, nítorí kò mọ ibi tí ìka rẹ̀ dé mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń jókòó tì í báyìí, tó ń bá a wo ìlà aṣọ. Nígbà mìíràn, á kàn ṣàdédé sọ pé, "Èmi ni mo sọ pé àpólò ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo lẹ́ǹsì, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó mú un. Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wẹ̀, kẹ́ ẹ sì tó sùn. Bí oògùn fífọ̀ bá tán, ẹ má lo lẹ́ǹsì rárá. Bí ojú bá pọ́n, ẹ yọ lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣọ ló ṣe é lẹ̀, ojú ò ṣe é lẹ̀.