Àwọ̀ Tó Yọ Nínú Kànga

Omi kànga Ìyá Àgbà mọ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú korobá rẹ̀, ojú á rí i nísàlẹ̀ kedere. Ó tutù, ó dùn, kò lóòórùn kankan. Láràárọ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa ń tò sí ẹnu kànga náà, oníkorobá lọ́tọ̀, oníkẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀. Wọ́n á kí ìyá, òun náà á máa dá wọn lóhùn láti orí àpótí tó máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló gbẹ́ kànga náà, ó sì ti sọ fún un kó tó kú pé kó má fi omi du ẹnikẹ́ni.

Ilé wọn kò tóbi. Ìyá Àgbà ń gbé yàrá iwájú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ń gbé inú yàrá méjì tó kù, pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. "Ìyá mi" ni Ìyá Àgbà máa ń pe ọmọ náà. Bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, káfíńtà rí i pé ẹsẹ̀ ti ń dun ìyá òun, ṣáláńgá àtijọ́ sì jìnnà sílé. Ó gbẹ́ kòtò tuntun sẹ́yìn yàrá ìyá náà, ó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e lórí, ó fi pákó tó dán ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá súre fún un títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Yàrá ìyá àti ogiri rẹ̀ nìkan ló wà láàárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yìí àti kànga, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ogiri ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ronú nípa rẹ̀.

Nígbà tí òjò wá dé, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn kan ní eyín ló ń hù. Àwọn kan ní ojú ọjọ́ ló yí padà. Wọ́n gbé ọmọ oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkángun òpópónà lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló bá oníbúrẹ́dì dárò, wọ́n sì padà sílé lọ mu omi.

Ó wá kan ilé Ìyá Àgbà. Ọmọ náà ń yàgbẹ́, ó ń bì, kò fẹ́ jẹun. Ìyá Àgbà gbé e sẹ́sẹ̀, ó ń fi ife kékeré fún un lómi kànga tútù, díẹ̀díẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́. Ó gbà pé bí ohunkóhun bá lè tu ọmọ náà lára, omi yẹn ni.

Nígbà tí ọjọ́ kanrí, aránṣọ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wá wo ọmọ. Ó fọwọ́ kàn án lójú.

"Màmá, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, àmọ́ omi ojú ò jáde."

Wọn ò dúró pa ilẹ̀kùn dé. Káfíńtà gbé ọmọ, ìyàwó tẹ̀ lé e. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní bí wọ́n bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ ìbá ti di nǹkan mìíràn. Ó bi wọ́n léèrè omi tí wọ́n ń mu. Wọ́n ní omi kànga ni. Ó bi wọ́n léèrè òpópónà tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè wò wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí òun ti tọ́jú láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òpópónà kan náà yẹn ni wọ́n ti wá.

Nọ́ọ̀sì náà fi tó wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba, létí, bó ṣe dé ilé Ìyá Àgbà nìyẹn. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ní wolé-wolé ń bọ̀, kálukú á máa sáré ti ilẹ̀kùn ni. Obìnrin ni eléyìí, bàtà òjò ló wọ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí ìyá kó tó sọ ohun tó bá wá. Ó wo inú kànga. Ó yí ilé po. Ó dúró pẹ́ lẹ́yìn ilé, ó ń wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ kànga. Lẹ́yìn náà ló fi sùúrù sọ pé kí wọ́n dá mímu omi náà dúró ná.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Àgbà. Ó fa omi, ó bu kún ife, ó gbé e sókè sójú oòrùn.

"Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Kí lo rí nínú rẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Káfíńtà gbèjà ìyá rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun lòun gbẹ́ kòtò yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ le débi pé díẹ̀ ló kù kí dígà òun kán, kò sí bí nǹkan kan ṣe lè gbabẹ̀ kọjá. Wolé-wolé kò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn bi ilẹ̀ náà léèrè níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ṣàlàyé pé òun ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ kan tí kì í ṣe májèlé, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí omi ń gbà lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n máa dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á da omi púpọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa wo kànga láràárọ̀.

Ìyá Àgbà gbà. Ó dá a lójú pé omi rẹ̀ máa dá a láre.

Níṣojú àwọn aládùúgbò, wolé-wolé po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi nínú korobá, ó sì di àwọ̀ ewé tútù. Káfíńtà dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń pọn omi dà tẹ̀ lé e. Látìgbà náà, omi ẹ̀rọ tó wà ní ìkóríta ni gbogbo ilé ń pọn, wọ́n sì ń sè é kí wọ́n tó mu ún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fa omi kànga sínú abọ́ funfun kan. Ó mọ́ lóló. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wolé-wolé kàn fi ìyẹ̀fun ṣòfò ni. Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá kan rọ̀.

Bílẹ̀ ṣe mọ́, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ju okùn sí kànga. Aránṣọ dúró tì í, ó pọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn sẹ́yìn. Ìyá fa omi sókè, ó dà á sínú abọ́ funfun náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Omi náà ti di àwọ̀ ewé.

Kì í ṣe pé ó dọ̀tí. Ó rẹwà ni. Nígbà tí oòrùn tàn sí i, ó ń dán bíi pé wọ́n tan iná sínú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sún mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbúrẹ́dì ṣí fìlà rẹ̀. Obìnrin kan gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wọ ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú kànga, wọ́n rí àwọ̀ kan náà níbẹ̀, ó ń wo ojú wọn padà láti ìsàlẹ̀. Ohun tí wọ́n dà sẹ́yìn ogiri ti rìn. Ó gba abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kọjá, ó gba abẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà kọjá nígbà tó ń sùn, ó dé inú kànga láìkanlẹ̀kùn.

Káfíńtà lọ sẹ́yìn ilé. Ó wo kòtò, ó wo ogiri, ó wá ń rìn padà sídìí kànga. Ó rọra ń gbé ẹsẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ tó ń tẹ̀.

"Àwọ̀ tí mo fi sí i lẹ rí yìí," ni wolé-wolé sọ. "Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ ń gbà wọ kànga. Àwọn ò ní àwọ̀, ojú ò sì lè rí wọn."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè. Ìyá fọwọ́ kàn án lórí.

"Dìde. Ìfẹ́ lo fi gbẹ́ ẹ. Ìmọ̀ ni kò bá ìfẹ́ náà rìn."

Lẹ́yìn èyí, Ìyá Àgbà mú ọ̀pá rẹ̀. Káfíńtà fẹ́ kí òun lọ bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀. Ó ní ọwọ́ òun ni wọ́n ti gba omi, ẹnu òun ló sì yẹ kí wọ́n ti gbọ́. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sinmi lórí àga ẹni tó bá ní àga, ó ń sọ ọ́ bó ṣe rí láìfi ọ̀kankan pa mọ́. Ilé tó wù ú kó fò dá ni ilé oníbúrẹ́dì. Ìyàwó oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ dópin, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti rù, ó wo ìyá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún wa lómi náà lẹ wá sọ fún wa. Ẹ ṣé, Màmá."

Ìyá Àgbà sunkún délé.

Wọ́n kó ẹ̀gbin inú kòtò náà kúrò, wọ́n sì dí i pa. Káfíńtà gbẹ́ òmíràn síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti kànga lọ, tó sì jìnnà sí i dáadáa, ó ṣe ọ̀nà tó tẹ́jú débẹ̀, ó sì fi igi ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ á máa fọwọ́ dì mú bó bá ń lọ. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbé ẹnu kànga ga, wọ́n ṣe ìdérí fún un. Wolé-wolé wá fi oògùn apakòkòrò fọ kànga náà. Ó rí i pé káfíńtà rọ oògùn tó ṣẹ́ kù sínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Ó ní ọmọdé tó bá rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ á rò pé mímu ni. Inú ike tirẹ̀ ló yẹ kó wà, níbi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n yẹ omi náà wò, wọ́n ní ó ti dára. Síbẹ̀, Ìyá Àgbà ò gbà kí "ìyá mi" mu ún láìsè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ wo àyíká kànga yín. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó ọgbọ̀n mítà, kó má sì wà lókè ibi tí kànga wà. Ẹ bo ẹnu kànga. Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó dáadáa, kí ẹ gbé e sínú ohun èlò tó mọ́ tó ní ìdérí, kí ẹnikẹ́ni má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí ẹ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, àti kí ẹ tó bọ́ ọmọ.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má dá omi dúró fún un. Ẹ fún un ní oògùn ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ORS, tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó mọ́, èyí tó ń dá omi ara padà. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tí omi ojú ò jáde, tàbí tí ara rẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má dúró rárá.

Bí ẹ bá sì rí i pé omi ilé yín léwu, ẹ má fi bò nítorí ìtìjú. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò yín tó ń mu ún, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.